Orúnkún Mi àti Ọkọ Mi Obìnrin

Ọkọ méjì ni mo ní nígbà tí à ń gbé ní Iba. Èkíní ni ẹni tí mo fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ní yunifásítì, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá adìẹ jà. Èkejì ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà jù. Ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ rìn wá bá a níbẹ̀, nítorí náà ọkọ mi ni. Tí mo bá rí i, orúnkún mi á kanlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi láéláé. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni mo ti wo bí ó ṣe ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohun tí mo sì ń pè é nìyẹn. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é nínú ìtàn yìí, bí ẹni pé ọmọ kíláàsì mi ni. Òun ló fún mi láyè, kò sì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní bárékè Navy Town, òun sì ni òpó tó gbé ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin ibẹ̀ dúró. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin kan láti Ọ̀jọ́ títí dé Okokomaiko tí wọn kò tíì nà. Wọ́n na àwọn olùkọ́. Wọ́n na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹsẹ̀ wọn ṣì yá. Orí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti ń gbá tiwọn, jẹ́ẹ̀sì wọn ní nọ́ńbà, bàtà kánfáàsì gbogbo wọn sì funfun báláú. Tí wọ́n bá na ènìyàn tán, wọ́n á tún gbé míníràlì tútù fún un.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ mi mú mi lọ wòran. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bá wa, òógùn ń kán lójú rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin ará Iba, ṣé ìwé nìkan lẹ mọ̀ ni? Ẹ wá kí àwa náà lórí pápá nígbà kan." Ẹ̀fẹ̀ ni. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni mí, inú mi kì í pẹ́ ru. Kí a tó délé ni mo ti sọ fún ọkọ mi pé mo máa kó ẹgbẹ́ jọ. Ó ní, "Ẹgbẹ́ akọrin ni?"

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé kan ní Okokomaiko. Ohun tí mo mọ̀ nípa básíkẹ́ẹ̀tì kò ju pé agbọ̀n wà lókè, bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí mú ni obìnrin Ìgbò kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Ọjà Àlàbá. A lọ ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń jiyàn ta ni yóò gbé e, òun fúnra rẹ̀ gbé e mọ́ àyà, ó ń lọ síbi mọ́tò. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní ṣé ó lè bá wa gbá básíkẹ́ẹ̀tì.

"Who we wan beat?" ló bi mí.

Mo ní Navy Town. Ó dúró. "Those ones wey dey price my market like say na their uniform I dey sell? Madam, I dey." Ìgbà yẹn ló tó rántí gbé ẹrù wa sílẹ̀.

Ẹnìkejì ni lẹ́kíṣọ́rà kan, ọmọ Oǹdó, tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Iba. Kò lè sáré, ṣùgbọ́n ó ra ìwé òfin básíkẹ́ẹ̀tì, ó kà á bí ẹni ń ka Bíbélì, ó sì ń bá gbogbo ènìyàn jiyàn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aránṣọ kan, ọmọ Ègùn, tí kì í sọ̀rọ̀, tí bọ́ọ̀lù kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan wà ní ilé-ìwé wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Mo mú òun náà. Èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. A kò ní ẹni tí yóò rọ́pò ẹnikẹ́ni. Tí ó bá rẹ ẹnìkan, kó mí, kó máa sáré lọ.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ló ń kọ́ wa. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "Ẹ tẹ orúnkún! Ẹ lọ sílẹ̀!" Wọ́n ní ẹni tó bá nàró gbọnrangandan níwájú alátakò, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni. Wẹ́dà kan bá wa jó ríìmù kẹ̀kẹ́ mọ́ orí páìpù, a sì rì í sí iyanrìn ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ̀rù ara wa bà wá. A kì í tàsé. Lẹ́kíṣọ́rà jù ú láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé. Aránṣọ jù ú láìwò ó, ó wọlé. Èmi gan-an jù ú, ó wọlé. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé à ń bọ̀ ní Sátidé, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nígbà tí a dé Navy Town ni a rí i pé agbọ̀n tiwọn kéré. Àṣé ríìmù kẹ̀kẹ́ fẹ̀ ju agbọ̀n gidi lọ, kò sì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n nínú wa, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ìṣirò wà láàrin wa. Gbogbo ohun tí a jù ló ń kọlu irin. Àwọn ọmọdé bárékè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìró irin náà fún wa.

Ìyẹn kọ́ ló pa wá. Orúnkún mi ló pa wá. Èmi ni mo fi dandan lé e pé èmi ni màá ṣọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó ń lù ú mọ́lẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o." N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kò bi mí léèrè. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń gbọ́ ohùn yẹn tó ń kanlẹ̀, kò sì mọ̀ pé orí pápá la wà. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ tí mò ń dáhùn pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi," ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Gbogbo bárékè bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ṣe é. Mo tún kúnlẹ̀. Obìnrin Ìgbò kígbe láti òdìkejì pápá: "Madam, you dey pray?"

Wọ́n nà wá, wọ́n nà wá, wọ́n sì gbé míníràlì tútù fún wa. Mo mu tèmi tán, ìyẹn tún bí mi nínú.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá jẹun lọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀. Ó wo orúnkún mi, ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò rí i pé ìyàwó wa ti mọ eré náà?"

Inú mi ru. Mo ní, "Ẹ gbọ́, ọkọ mi. Ọjọ́ tí a bá nà yín, orúkọ yín gan-an ni màá fi pè yín. Lójú gbogbo bárékè."

Ọwọ́ ọkọ mi dúró nínú ọbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó kì í sọ ọ́. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé ẹbí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èwo nínú orúkọ mi?"

"Èyí tí ìyá yín sọ yín."

Ó wo inú àwo iyán rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ Bàbá wa ni wọ́n ń pè mí ní bárékè. Ìnagijẹ ni Bọ̀dá mi ń pè mí. Màámi nìkan ló máa ń fi ìyẹn pè mí, wọ́n sì ti gbé e lọ."

Ìyá náà, ará Èkìtì bíi tèmi, ti kú kí n tó wọlé. N kò rí wọn rí. Àánú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe mí, ó sì kù díẹ̀ kí n ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Àfi bí ó ṣe gbé ojú sókè, tí ó sì fi eyín síta: "Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí a bá tún nà yín, ẹ ó wá fọ jẹ́ẹ̀sì gbogbo wa, ẹ ó sì bá wa lọ̀ wọ́n." Àánú náà kúrò lójú mi.

Mo pe wẹ́dà padà. Mo ní kó yọ ríìmù kẹ̀kẹ́ kúrò, kó gé inú ríìmù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dànù, kó jó ìyẹn síbẹ̀. Ríìmù ọkọ̀ kéré débi pé agbára káká ni bọ́ọ̀lù fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ìgbà pípẹ́, aránṣọ nìkan ló ń jù ú wọlé. Lẹ́kíṣọ́rà ní ìwé òfin kò fọwọ́ sí i. Obìnrin Ìgbò fẹ́ fà á lulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ti orúnkún mi ló kù. Mo ní kí ọkọ mi máa kí mi bíi ti àbúrò rẹ̀, kí n lè máa kọ́ ìdúró. Ó ń lu bọ́ọ̀lù bọ̀ ní kọ́ridọ̀, ó ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ sọ pé, "Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo nàró. Mo rò pé mo ti borí. Bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀kùn, tó ní, "Ìyàwó wa," mo kúnlẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá tó ń kọ́ wa gbọ́, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún obìnrin Ìgbò. Kò sẹ́ni tí òun ń kúnlẹ̀ fún ní Navy Town.

Nígbà tí a padà lọ, agbọ̀n wọn fẹ̀ lójú wa bí ẹnu kànga. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, aránṣọ ti ń rọ̀jò bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọjú sí obìnrin Ìgbò, ó fi ẹ̀rín sí i: "Mọ́mì, ẹ kú ọjà o."

"Carry your greeting go house!" ló fi dá a lóhùn, ó sì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi dúró sí àárín méjì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni yòówù tó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé. Mo ní màá bá a sọ ọ́ nílé.

Ìgbà tí eré ń parí lọ ni wàhálà dé. Obìnrin Ìgbò ti ń fi èjìká ti àwọn ènìyàn bí ẹni ń ti páálí, rẹfirí sì fọn fèrè sí i lẹ́ẹ̀karùn-ún. Fáò márùn-ún, ó di ẹni ìta. Lẹ́kíṣọ́rà ṣí ìwé òfin, ó jiyàn títí. Wọ́n ní kó pa ìwé dé. Ó ku àwa mẹ́rin, wọ́n sì fi ẹyọ kan ṣáájú wa. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ì bá dúró síbi tó wà kí àkókò tán, ṣùgbọ́n èmi ló ń wá bọ̀. Kò sí ẹlòmíràn láàrin òun àti agbọ̀n.

Mo ti rí ẹ̀rín náà kó tó la ẹnu. "Ìyàwó wa," ó fa ohùn náà gùn kí gbogbo pápá lè gbọ́, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Mo gbìyànjú láti nàró. Mo gbìyànjú o. Orúnkún mi ti lọ. Mo wà nílẹ̀, mò ń ro jẹ́ẹ̀sì tí n óò fọ̀, mò ń dáhùn pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi," ni mo bá rí bọ́ọ̀lù. Ó ń kan ilẹ̀, ó ń ta padà sókè, níwájú imú mi gan-an. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún un, ilẹ̀ ni mò ń wò bí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́. N kò gbójú wo iwájú rí. Mo gbọ́ ohùn bàbá láti orí bẹ́ǹṣì: "Ẹ lọ sílẹ̀!" Mo ti wà nílẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì, bí a ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo sì gbà á. Ẹnu mi tilẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti jù ú sí àgùnbánirọ̀ wa, tí ó ti ń sáré lọ. Òun nìkan ló dé abẹ́ agbọ̀n. Ó gbé e sínú rẹ̀, fèrè sì dún.

Ariwo sọ. Àwọn ará bárékè ní mágòmágó ni, pé a kì í kúnlẹ̀ lórí pápá. Lẹ́kíṣọ́rà tún ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé e sójú rẹfirí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ní ìyàwó kò gbọdọ̀ kí àna rẹ̀ hàn mí." Rẹfirí wá a, kò rí i. Ó ní ayò wọlé. Obìnrin Ìgbò gbé mi mọ́ àyà bí ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n wa lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó ń yí pápá ká.

Nígbà tó gbé mi sílẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dúró níwájú mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ti borí. Ó yá, ẹ pè mí."

Ọkọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Mo ti ń dá pe orúkọ náà ní ilé ìdáná látọjọ́ yìí, mo sì ti mọ bí màá ṣe là á mọ́ ọn lórí tí gbogbo Navy Town á gbọ́. Nígbà tó wá kàn mí, ìbínú náà kò sí lọ́kàn mi mọ́. Ọmọ tó ń wo inú àwo iyán ni mò ń rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo la ẹnu, mo sì pè é jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn Èkìtì tí a fi ń pe ọmọ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ nílé wa. N kò ní ohùn mìíràn tí mo lè fi pè é.

"Mà!" ló dáhùn.

Orúnkún rẹ̀ sì ti kanlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó wo orúnkún náà, ó wò mí. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè mí."

Mo tún pè é, kó tó dìde.