Àyà Tó Ń Já ní Sharpstown

Bí Wùmí bá rántí kílíníìkì Dókítà Francis tó wà ní Sharpstown, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1984, ẹ̀rín a kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà omi a lé sí i lójú. Òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba orúkọ aláìsàn, tó sì ń gbé fóònù. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ìyá àgbà tí ọmọ wọn mú wá láti Nàìjíríà kí wọ́n wá bá wọn tọ́mọ, dókítà tún sọ ọ́ di ògbufọ̀. Inú Wùmí dùn dẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í kọ iṣẹ́, ká má purọ́.

Màmá Babáwálé á wọlé, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, àyà mi ń já." Wùmí á kọjú sí dókítà: "Doctor, her chest is cutting." Dókítà á gbé irin tútù lé ìyá láyà, yóò gbọ́ bó ṣe ń lù kìkìkì. Ta ni tiẹ̀ kò ní lù? Kíá, ó ti kọ oògùn ọkàn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí lẹ́tà kan fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ bí dókítà ṣe ń kọ oògùn. Jákèjádò Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, mẹ́jọ ni dókítà ń kọ oògùn ọkàn fún. Ti Dókítà Francis jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó pe Wùmí, ó to fáìlì àwọn tó gba oògùn náà sórí tábìlì, ó bi í bóyá oúnjẹ Yorùbá ló ń ba ọkàn jẹ́. Ó ní ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé oògùn yìí lè gbé ẹni tí kò ṣàìsàn ṣánlẹ̀.

Wùmí ka orúkọ. Ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn. Ó wá yé e. Ẹ̀rù ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń sọ bí wọ́n bá ní àyà àwọn ń já, àìbalẹ̀ ọkàn ni, òun Wùmí ló túmọ̀ rẹ̀ sí àìsàn. Ó lè dákẹ́, kí ó di ẹ̀bi ru ata inú oúnjẹ Yorùbá, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́. Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́ pé kí ó sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n dá oògùn dúró.

Gbogbo wọn ló dáhùn àfi Màmá Babáwálé, tó ti ń gba oògùn fún oṣù mẹ́jọ. Wùmí pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó wọ mọ́tò, ó gba títì Fondren lọ sílé wọn, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run.

Màmá fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wùmí kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà apartment. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ má lo oògùn yẹn mọ́. Ẹ ò gbé fóònù, mo rò pé mo ti pa yín."

"Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nínú fóònù, kí ni mo fẹ́ gbé e fún?" Wọ́n fà á dìde, wọ́n mú un lọ sí kíṣìnì, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò oògùn mẹ́jọ ló tò síbẹ̀, a kò ṣí ọ̀kan.

"Mi ò fẹnu kàn án rí. Ọmọ tí mo wá tọ́ ti wọ daycare. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìwọ nìkan lo ń bá mi sọ Yorùbá, ìwọ nìkan lo ń kúnlẹ̀ kí mi." Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. "Ṣé ohun tí o wá sọ ni pé kí n má wá sí kílíníìkì mọ́?"