Ọgbọ̀n Ọ́ísítà Bàbá Efflam

Ọjọ́ tí Bàbá Efflam fi ẹ̀rí bọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá kó o ni gbogbo ìlú Locmariaquer, létí òkun ilẹ̀ Faransé, fi ń rántí rẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún náà, kòkòrò afòmọ́ kan ti wọ inú ọ́ísítà pẹlẹbẹ, ẹran inú ìkarahun tí a ń sìn nínú òkun. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ọ́ísítà bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tó kù díẹ̀ kó dé ọjà, ló ń yanu kú. Solenn Madec wá láti ilé àyẹ̀wò ìjọba láti mú ọgbọ̀n nínú oko bàbá lọ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí kòkòrò náà, bàbá yóò palẹ̀ oko rẹ̀ mọ́, yóò sì máa sin ọ́ísítà gbágungbàgun ti Japan, tí kòkòrò náà kì í pa, bíi ti gbogbo àdúgbò. Bàbá ti búra pé ó sàn kí òun máa sin adìẹ.

Solenn gbé apẹ̀rẹ̀ tó kó ọgbọ̀n náà sí sórí tábìlì bàbá, ó lọ fọ bàtà òjò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ olóko, a ó ṣí ọ́ísítà fún un ká tó béèrè ohun tó bá wá. Bàbá na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ó fi bọ́tà ra búrẹ́dì, ó bu wáìnì funfun. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jiyàn. Àwọn kan ń sọ pé ogún ni Solenn jẹ. Kì í ṣe òótọ́. Mọ́kànlá ni; bàbá ló jẹ mọ́kàndínlógún. Ìgbà tí Solenn fẹ́ máa lọ ló béèrè apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bàbá wo inú apẹ̀rẹ̀ náà, ó ti ṣófo. “Díẹ̀ wà nínú yín, èyí tó pọ̀ wà nínú mi. Ta ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò?”

Lọ́jọ́ kejì, Solenn padà wá mú ọgbọ̀n mìíràn; ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, kò gbé e sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn yóò tún wá àrùn ẹ̀jẹ̀ kan tó jọ jẹjẹrẹ. Inú bí bàbá. “Jẹjẹrẹ kẹ̀? Ọ́ísítà mi kì í mu sìgá.”

Wọn ò rí èyí, ṣùgbọ́n wọ́n rí kòkòrò náà. Bàbá wọ kóòtù tó fi gbéyàwó, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó ní òun fẹ́ rí ọ̀daràn náà lójú kojú. Ó wo inú awò asọhun-kékeré-di-ńlá fún ìgbà pípẹ́.

“Èyí ló jẹ oko mi? Kò tiẹ̀ lẹ́nu.”

Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà fi àwọn ọ́ísítà ọlọ́dún márùn-ún tó ṣẹ́ kù lóko sílẹ̀ fún òun. Solenn gbórí sókè. Kò tíì rí ọ́ísítà tó gbé ọdún márùn-ún láàárín àrùn yẹn. Ó ní òun fẹ́ fi wọ́n gba irú tí àrùn náà kò ní lè pa. Kíá ni bàbá di ọlọ́jà. Ó ní ogójì lòun máa fún un, Solenn ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n pàdé sí ọgọ́rin, bàbá sì ní kí wọ́n má ṣí ọ̀kankan jẹ láìsí òun níbẹ̀.

Ó sin ti Japan nígbẹ̀yìn, kò sì sin adìẹ. Àlejò ló ń pe àwọn ti Japan náà. Kò jẹ ọ̀kan rí.

Oṣù kẹta tó kọjá ni bàbá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Solenn, tó ti hewú báyìí, gbé apẹ̀rẹ̀ kan wọ ilé iṣẹ́ náà: ọgbọ̀n ọ́ísítà pẹlẹbẹ, ọlọ́dún mẹ́rin, ọmọ-ọmọ àwọn ọgọ́rin yẹn. A béèrè bóyá ó ti yẹ̀ wọ́n wò.

“Ó tì o,” ló wí, ó sì jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí.

Mọ́kànlá ló jẹ. Àwa la jẹ mọ́kàndínlógún bàbá.