Ìyanṣẹ́lódì Ilé Ìdáná

Olùkọ́ ni ọkọ mi. Ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó kan tó gbé ayé nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ èéfín, òun ló gbà gbọ́ ju Bíbélì lọ. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ló ni èrè òógùn rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a kún pálọ̀ wa l'Óǹdó, wọn a máa pe ara wọn ní kọ́mréèdì, wọn a máa bú àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń jẹ òógùn ẹlòmíràn. Iyán tí mo gún ni wọ́n máa ń jẹ kí wọ́n tó lágbára àtibú wọn.

"Ìyàwó wa, iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí o," ni ọ̀kan nínú wọn, tí mo sọ ní Oníyọ̀ nínú ọkàn mi, máa ń wí, tí yóò sì tún bu òkèlè ńlá.

Lọ́dún tí yunifásítì gbà mí wọlé, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ. Kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà.

"Ta ni yóò máa dáná?"

"Ẹ gba ẹni tí ẹ ó máa sanwó fún."

"Owó kẹ̀? Iṣẹ́ ilé kì í ṣe iṣẹ́."

Mo ní ó dáa. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé odó sáàárín pálọ̀, mo kó iṣu tútù tì í, mo wọ aṣọ òde, mo jókòó. Nígbà tí wọ́n pé, mo ní, "Mo ti yanṣẹ́ lódì. Ó di ọjọ́ tí ọkọ mi bá gbà kí n lọ kàwé."

Oníyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́mréèdì, ẹ lé e dànù, kí ẹ gba òmíràn síṣẹ́!"

"Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wo ló kọ́ yín nìyẹn?" ni mo bi í.

Ọkọ mi kò bá mi jiyàn. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ó lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Bí ìyá ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n ń ró ìró wọn le, wọ́n sì di ọmọ odó mú. Ìyàwó wo ló máa jókòó sórí àga kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa gúnyán? Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, kò sí èyí tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n yẹn.

Mo kúnlẹ̀, mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn. Àwọn kọ́mréèdì pàtẹ́wọ́. Àyè mi ní yunifásítì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọkọ mi ti kú báyìí. Ó kú láìmọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Oníyọ̀, tó ti di èèyàn ńlá nínú ìjọba ní Alágbàká, gbé jíìpù wá sílé tí mo ń gbé báyìí ní Àkúrẹ́.

"Màmá, a fẹ́ ṣe ìrántí Kọ́mréèdì. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ la máa sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin ò ní sọ̀rọ̀ rárá, ẹ má ṣèyọnu. Iyán yín yẹn nìkan la fẹ́."

"Ìyá yín ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n ti kú, Màmá."

"Ìyá ọkọ mi náà ti kú. Ta lẹ wá fẹ́ lọ gbé wá?"