Alága Òkú àti Igi Méjì Tí Kò Gbọdọ̀ Mu Omi

Ìtàn tí gbogbo ìlú mọ̀ nípa rẹ̀ ni ti opó tó ń sunkún. Obìnrin náà sin ọkọ rẹ̀ tán, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri itẹ́ òkú, omijé ń dà pòròpòrò. Ni bàbá àgbàlagbà kan bá sáré jáde láti inú yàrá ẹnubodè, fìlà lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀!"

Opó náà rò pé ejò ni. Ó fò dìde. "Kí ló dé?"

"Ìdí igi yẹn lẹ̀ ń sunkún sí. A ò gbọdọ̀ bomi rin ín. Ìdánwò ló ń ṣe lọ́wọ́."

Àwọn kan ní ó gbé abọ́ fún un kó fi gba omijé ọ̀hún. Ìyẹn kò dájú. Ohun tó dájú ni pé obìnrin náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ kò sì tíì dárí jì í di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Alága Òkú ni wọ́n ń pe bàbá náà, torí òun ló ń ṣọ́ itẹ́ òkú ìlú. Iṣẹ́ gẹrígẹrí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú iṣẹ́ méjèèjì. "Èèyàn náà ni mò ń tọ́jú. Àwọn tibí kàn máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ju àwọn ti ṣọ́ọ̀bù lọ ni."

Kí opó yẹn tó wá sunkún ni ọ̀dá ti dé. Omi ẹ̀rọ dá, kànga ń gbẹ lọ, koríko jóná pátápátá. Eruku itẹ́ òkú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ ilé àwọn aládùúgbò. Obìnrin kan lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú, ó ní òun ò mọ ẹni tí òun ń gbá jáde ní pálọ̀ òun láràárọ̀ mọ́.

Ìgbìmọ̀ rán ọ̀gá kan wá. Ó wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí eruku ti ń dìde jù, ó ní sìmẹ́ńtì ni wọn yóò dà bò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn tí kò ní òkúta orí sàréè sí. Pákó tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ìyàwó Alága wà lára wọn. Alága nìkan ló mọ ojú ibẹ̀: ìsàlẹ̀ bíríkì kan tó yọ síta lára ògiri. Bí sìmẹ́ńtì bá bò ó, kò ní í sí ibì kankan láyé tí yóò ti máa kí i.

Ó bẹ ọ̀gá náà títí. Ọ̀gá ní, "Bàbá, bí ẹ bá rí nǹkan tó lè bo ilẹ̀ yìí, tí kò ní béèrè omi, kí n tó padà wá, a ó fi í sílẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má bínú sí mi."

Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Káfíńtà, tó ń kan pósí ní òdìkejì títì. Àwọn méjèèjì kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan rí, àfi pé ikú kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Alága fẹ́ bùgẹnfílíà, igi ẹlẹ́gùn-ún tí òdòdó rẹ̀ pupa, tó sì fẹ́lẹ́ bíi tákàdá. Káfíńtà fẹ́ olíándà, tí ewé rẹ̀ gùn tóóró, tí oje olóró inú rẹ̀ funfun bíi wàrà. Wọ́n sọ èkíní ní Ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n sọ èkejì ní Olóje.

"Tìẹ ń gún èèyàn," ni Káfíńtà wí.

"Tìẹ ń pa èèyàn."

"Tèmi ń dúró ṣánṣán, bí ọmọ ilé ìwé."

"Tèmi ń rákò. Ṣé ọmọ ilé ìwé ló máa sùn bo gbogbo ilẹ̀ yìí?"

"Òdòdó tìẹ yẹn gan-an, kì í ṣe òdòdó. Ewé tó kun àtíkè ni."

"Ewé tó ráyè kun àtíkè nínú irú ọ̀dá yìí, ó yẹ kí á máa kí i kú iṣẹ́ ni."

Wọ́n wá gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà, wọ́n pín omi ìkẹyìn inú kànga fún wọn títí wọ́n fi mulẹ̀. Láti ìgbà náà, òfin dé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bomi rin ìkankan.

Olóje ń ṣe dáadáa, ó ń tanná. Ewé Ẹlẹ́gùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́. Alága kò lè sùn mọ́. Ó ní èébú Káfíńtà ló ń pa igi òun, ó sì kà á léèwọ̀ fún un láti sọ̀rọ̀ nítòsí ibẹ̀. Káfíńtà gbà. Ó bu ìyẹ̀fun pákó wá láti ìdí ayùn rẹ̀, ó dà á yí ìdí igi náà ká, ó ní yóò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Gbogbo èèyàn ní ọ̀rẹ́ gidi ni.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, Alága fọwọ́ wa ìyẹ̀fun pákó náà kúrò. Ẹrẹ̀ ló bá nísàlẹ̀. Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Kò pẹ́ tí Káfíńtà fi yọ́ wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi.

"Olè!"

"Olè kẹ̀? Ta ló ń fi omi jalè?"

"Ìwọ lò ń pa igi mi!"

"Mò ń ṣe ọ́ lóore ni!"

"Ṣé o fún Olóje náà lóore ọ̀hún?"

Káfíńtà fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pamọ́ sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé Ẹlẹ́gùn-ún kì í fẹ́ ẹsẹ̀ tútù, pé bí omi bá dúró nídìí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà. Gbogbo ìlú ń wá omi mu, igi kan ṣoṣo ń kú sómi.

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin Alága. Òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún wọn. "Sọ fún bàbá ẹ pé mo kí i." "Sọ fún un pé mi ò gbọ́."

Ewúrẹ́ ló parí ìjà náà. Ebi ọ̀dá lé ewúrẹ́ aládùúgbò kan wọlé, ó jẹ Olóje, kò sì dé ẹnu ọ̀nà tó fi kú. Káfíńtà ní ara ẹran náà kò yá tẹ́lẹ̀. Alága kò bá a jiyàn. Ó rán ọmọ rẹ̀ sí i pé kó wá wọn òkú ewúrẹ́, kó kan pósí tí yóò gba ìwo.

Ọ̀gá ìgbìmọ̀ gbọ́ nípa ẹran náà, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ hú Olóje, torí àwọn ọmọdé ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá ku Ẹlẹ́gùn-ún nìkan, tó ti rí bí igi ìgbálẹ̀.

Káfíńtà fọwọ́ ara rẹ̀ hú Olóje. Ó kó ẹrẹ̀ ìdí Ẹlẹ́gùn-ún dànù, ó fi iyanrìn gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Alága jókòó lórí àga, ó ń pàṣẹ. Eruku ti wọ̀ ọ́ láyà nígbà náà, ikọ́ rẹ̀ kò gbóògùn.

"Máa rọra, ọwọ́ ẹ le bí ẹni ń kan ìṣó."

"Ìṣó kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí."

Lọ́jọ́ tí Alága fi bíríkì tó yọ síta hàn án pé ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí, Káfíńtà yọ okùn ìwọ̀n láti inú àpò, ó ń wọn Alága láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ Alága sunkún jáde. Alága na ara rẹ̀ gbọọrọ. "Fi àyè sílẹ̀ lápá òsì. Ìyàwó mi kì í fẹ́ kí n há òun mọ́."

Kò rí òjò kí ó tó lọ. Wọ́n sin ín sísàlẹ̀ bíríkì náà, pákó ló wà lórí òun náà. Igi ọ̀hún kò ní ju ewé díẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Káfíńtà jókòó tì í lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì ń lé ẹnikẹ́ni tó bá gbé omi wọlé.

Nígbà tí ọ̀gá ìgbìmọ̀ padà dé, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́gùn-ún ti rákò dé ìdajì ilẹ̀ náà, ó pọ́n fòò, ẹ̀ka rẹ̀ kan ti kọjá bíríkì.

"Ta ló ń bomi rin ín?"

"Kò sí," ni Káfíńtà wí. "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, òun ló ń mú un tanná."

Ọ̀gá náà wo ilẹ̀ títí, ó sì ní kí ọkọ̀ yí padà.

Ọmọbìnrin Alága nu ojú rẹ̀. "Bàbá Káfíńtà, igi ta ló wá borí?"

Ọkùnrin náà fẹ́ jiyàn.

"Tirẹ̀ ni," ló wí, ó sì kọjú sí ìsàlẹ̀ ògiri. "O gbọ́? Mo ní tìẹ ni."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí ẹ̀rín ìyájú kan. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ bá a rín in.