Etí Tí Mo Rà fún Bàbá

Ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá ló ba etí bàbá mi jẹ́. Ó pẹ́ tó ti ń dúró tì í ní Tchaada, ìlú wa, títí tó fi di pé bí a bá kí i, ẹ̀rín nìkan ló fi ń dáhùn. Ti wáàsí ló dùn mí jù. Bàbá kì í pa wáàsí ààwẹ̀ jẹ. Iwájú pátápátá ló ń jókòó sí, á máa mi orí, kò sì ní gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ti ọdún yìí. Ohun tí mò ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí fóònù ni mo ti rí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sétí, lọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn tó ni ọjà náà kì í fún ẹni tó tajà lówó rẹ̀, àfi tí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé ẹrù dé, ó sì dára. Mo ní bon, ìyẹn dáa, kò séwu, mo sì sanwó.

Zémijan kan ló fi alùpùpù gbé e wá láti Daagbé. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nílé tiwa, a kì í tú ẹrù lójú ẹni tó gbé e wá, ó máa dà bí ẹni pé o pè é lólè. Omi lo máa kọ́kọ́ bù fún un, wàá dúpẹ́, wàá ṣàdúrà, ó di ìgbà tó bá kẹ̀yìn kó o tó tú u. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo bu omi, mo tẹ̀ ẹ́ pé ẹrù dé, ó dára, mo fún wọn ní gbogbo ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀, mo tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ ṣeun gan-an, ọjà yín á máa tà." Zémijan lọ. Mo tú u.

Ike lásán! Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo pa á dé padà, mo gbé e sórí tábìlì.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó kà á, kò fèsì. Mo pè é, ó ti nọ́ńbà mi pa kí ìpè mi má bàa wọlé mọ́. Mo gbé réclamation, ìyẹn ẹjọ́ oníbàárà, lọ bá àwọn tó ni ọjà. Èsì wọn dé kíá, lédè Faransé tó dùn létí: madame, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ó dára. Mo ní mi ò tíì tú u nígbà yẹn. Wọ́n ní kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ pé ó dára? Ẹ gbà mí o! Ta ni màá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àti zémijan fún?

Olè náà tún mú àdúrà mi, ó gbé e sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, kí àwọn ẹlòmíì lè rò pé èèyàn gidi ni. Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi jìn tán, wọ́n fi mí ṣe ìjẹ! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni, ó pa á rẹ́. Mo tún un kọ, ó tún un pa rẹ́. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Nígbà tó yá, obìnrin kan lára àwọn tó ni ọjà ṣàánú mi. Ó ní kí n dá ẹrù náà padà, bóyá wọ́n á lè rí nǹkan ṣe sí i. Mo sáré dé ìdí tábìlì, mi ò bá a níbẹ̀. Etí bàbá ni mo ti rí i, lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ agbádá, ó ń lọ síbi wáàsí.

Mo nawọ́ sí i, mò ń pariwo, mò ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kò dáa. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Fi sílẹ̀! Etí tuntun ni, jẹ́ kó mọ́ mi lára. Mo ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀."

Irọ́ ni. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé kí n já a gbà létí àgbàlagbà ni? Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ bí o ṣe tọ́jú mi."

Mo ní àmín, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ṣì ń wo ẹnu mi, ó ń dúró de àmín.