Òǹkà Jàpáàn ní Agboolé Wa

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ aránṣọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tòkunbọ̀ kan ní ọjà Gbági. Ìwé pélébé kan wà nínú àpótí rẹ̀. Èdè Jàpáàn ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ àwòrán wà níbẹ̀, àmì òǹkà sì wà lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mo mú un lọ sílé. Fóònù mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Ìṣì, igi kan tó sùn gbalaja. Nì, igi méjì. Sàn, mẹ́ta. Yọ́n dà bí fèrèsé tí aṣọ rọ̀ sí. Gò ni ìkarùn-ún. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, ṣùgbọ́n èyí dùn lẹ́nu mi, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo ṣì í pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé agboolé wa lẹ́yìn Màpó jókòó ti àwo ẹ̀wà. Mo nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìṣì, nì, sàn, yọ́n, gò." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bọ́ sí gò, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.

Ìyá àgbà, tó ń bó ẹ̀gúsí, dáwọ́ dúró.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Èdè Jàpáàn ni, Ìyá."

"Ẹnu rẹ ló ń sọ Jàpáàn. Ìka rẹ, Yorùbá ló ń sọ. Ta ló ní kí o ka ọmọ ọlọ́mọ?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí àwo, ọwọ́ ọmọ náà ṣì kún fún ẹ̀wà. Wọ́n gbà nílé wa pé ẹni tó bá ka àwọn ọmọ ti fi wọ́n han ohun tó ń wá wọn, ẹni tí òǹkà bá sì parí sí lórí ni yóò kọ́kọ́ mú.

Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ náà gbóná bí ààrò. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́, wọ́n sì dá a dúró ní ọsibítù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá mú aṣọ nílé. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wá, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, torí wọ́n ti bí mi kó tó dé. Mo kí i.

"Ìwọ," ló pè mí. "Ọmọ mi lo kà kẹ́yìn. Orí rẹ̀ lo dúró sí."

Lóòótọ́ ni, orí rẹ̀ ni mo dúró sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, mo ṣí ìwé náà. Mi ò tíì kọ́ èyí tó tẹ̀lé gò, ìyẹn ẹẹ́fà. Àmì rẹ̀ dà bí èèyàn tó na apá méjèèjì, tó ya ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò fẹ́ kí òǹkà náà parí sórí ọmọ yẹn. Mo lọ dúró níbi tí àwo ẹ̀wà wà lọ́jọ́ náà, mo sì na ìka sí àyà ara mi.

"Róòkù," ni mo wí.