Òdòdó Àkọ́rọ̀ Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Òórùn erùpẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní kí n ṣí àpáàdì tí ó fi bo ilẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣí i. Òdòdó kan ti yọ láti inú ilẹ̀, kò ní ewé kankan, orí rẹ̀ rí roboto, ó pọ́n bí ẹyin iná. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó kí i bí a ṣe ń kí àlejò ní Kàbà wa: "Okun o. O tún padà wá." Kó tó nàró, mo ti sáré lọ pe gbogbo agboolé.

Inú oko wa lẹ́bàá àpáta ni ìyá mi ti wú iṣu òdòdó náà, níbi tí bàbá mi ti ń kọ ebè. Iṣu náà kò ju àlùbọ́sà lọ. Bàbá mi bi í pé, "Ṣé èyí náà ṣeé gún níyán?" Ìyá mi ní, "Ojú ni yóò jẹ ẹ́."

Bí ọyẹ́ bá dé, ewé tó ń yọ lẹ́yìn òdòdó a gbẹ dànù. Ìyá mi a da eérú sí ojú ibẹ̀, a fi àpáàdì bò ó, kí ẹni tó ń roko àgbàlá má baà fi ọkọ́ ṣá a. Èmi a fẹ́ bu omi sí i. "Fi í sílẹ̀," ni yóò wí, "ó ń sùn ni." Nígbà tí mo pẹ́ wọ ilé ìwé, tí àwọn ọmọ tí mo jù lọ́jọ́ orí ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì, òun náà ló sọ fún mi pé, "Ìgbà tìrẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Mo gbéyàwó, iṣẹ́ gbé wa lọ sí Wàrí. Ìyá mi wú ọmọ iṣu kan fún wa. Ìyàwó mi kò rí òdòdó náà rí, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Ó gbìn ín sábẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ dá, ilẹ̀ kì í gbẹ. Ewé ń yọ lé ewé. "Bàbá Ṣọlá," ni yóò wí, "òdòdó yín yìí, ẹ̀fọ́ ni o." A bi ìyá mi. Ó ní, "Ibẹ̀ ò jẹ́ kó sùn. Ẹ wá wo tilé."

Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń fẹ́ ká wá sí Kàbà lásìkò àkọ́rọ̀. Ìgbà Kérésì nìkan ni mo máa ń gba àyè níbi iṣẹ́, àpáàdì la sì máa ń bá. Mo ní kó ní sùúrù, pé ìdúró ni wọ́n fi ń rí i. Ó ní, "Ó dáa, a ó dúró."

Inú ọyẹ́ ni ìyàwó mi kú. A gbé e wá sílé, a sin ín. Lẹ́yìn náà ni àkọ́rọ̀ rọ̀, òdòdó yọ.

Ìyá mi náà ti lọ. Èmi ni mo ń da eérú báyìí. Lọ́dún yìí, mo ṣí àpáàdì, mo dúró tì í títí oòrùn fi mú. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ̀ ju kó sáré lọ pe èèyàn wá wò ó. Èmi tí mo dàgbà ni mo ní kí ìyàwó mi tó fẹ́ wò ó ṣì dúró ná.